Madame du Coudray: Agbẹ̀bí Tó Fi Aṣọ, Awọ àti Òwú Kọ́ni ní Iṣẹ́ Ìgbẹ̀bí

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláboyún ní ilé àti ní ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ rí ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ wá sáyé, ṣé ọwọ́ yín ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí kí ó tó di ọjọ́ náà? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé inú ìwé nìkan la ti bá a pàdé. Ìwé a máa ṣàlàyé dáadáa, ṣùgbọ́n ìwé kò lè sọ fún ìka ọwọ́ bí yóò ṣe wọlé, ibi tí yóò dúró sí, àti ìgbà tó yẹ kí ó yé fà. Ẹ̀rù tó máa ń ba òṣìṣẹ́ ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù àìmọ̀wé. Ẹ̀rù ọwọ́ tí kò ṣe é rí ni.

Obìnrin kan gbé ní ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn tó rí ìṣòro yìí kedere, tó sì wá ojútùú sí i. Orúkọ rẹ̀ ni Angélique Marguerite Le Boursier du Coudray, ṣùgbọ́n Madame du Coudray ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Lónìí, bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìdánrawò nínú iṣẹ́ ìlera, èyíinì ni pé kí òṣìṣẹ́ fi ọmọlangidi, tàbí ẹnì kan tó ń ṣe bí aláìsàn, kọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn gidi, orúkọ obìnrin yìí wà lára àwọn tó yẹ kí a kọ́kọ́ dá. Mo fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún yín, nítorí pé àwọn ìbéèrè tó bi ara rẹ̀ nígbà náà ni ó yẹ kí àwa náà máa bi ara wa ní wọ́ọ̀dù wa.

Ní ìlú Paris

A bí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ó kọ́ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí fún ọdún 3 lọ́dọ̀ agbẹ̀bí àgbà kan ní Paris, gẹ́gẹ́ bí òfin iṣẹ́ náà ti là á sílẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1740 lẹ́yìn tí ó yege nínú ìdánwò níwájú àwọn oníṣẹ́-abẹ. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Aáwọ̀ ńlá ń lọ láàárín àwọn oníṣẹ́-abẹ àti àwọn agbẹ̀bí nígbà náà. Ọkùnrin ni gbogbo àwọn oníṣẹ́-abẹ, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń gba iṣẹ́ ìbímọ mọ́ àwọn obìnrin lọ́wọ́. Wọ́n fawọ́ ẹ̀kọ́ tó yẹ kí wọ́n máa kọ́ àwọn agbẹ̀bí sẹ́yìn. Ní ọdún 1745, òun àti àwọn agbẹ̀bí mìíràn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn olùkọ́ ìṣègùn ní yunifásítì Paris pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà parun, nítorí pé àwọn ìyá àti àwọn ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò tíì sí ẹ̀rọ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin tó ń jà fún ẹ̀kọ́ ni a kọ́kọ́ rí. Ẹ̀rọ tó ṣe lẹ́yìn náà, inú ìjà yẹn ló ti jáde.

Ní Auvergne, láàárín àwọn tí kò mọ̀wé

Ní nǹkan bí ọdún 1751, ó fi Paris sílẹ̀ lọ sí ẹkùn Auvergne ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé, nítorí pé ọlọ́lá kan níbẹ̀ ń wá agbẹ̀bí tí yóò ran àwọn obìnrin ìgbèríko lọ́wọ́. Ohun tó bá níbẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti Paris. Ní abúlé, kò sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún ọdún 3. Obìnrin àgbàlagbà tí òun náà ti bímọ púpọ̀ ni àwọn ará àdúgbò máa ń ránṣẹ́ pè. Bí ọmọ bá dúró dáadáa, gbogbo rẹ̀ a máa lọ ní ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí apá bá kọ́kọ́ jáde, tàbí bí ibi bá kọ̀ tí kò jáde, fífà ni wọ́n máa ń fà á. Fífà yìí ló ń ya ìyá, òun náà ló ń ya ọmọ, àwọn ìyá tí kò sì kú a máa gbé àbùkù ara káàkiri títí ayé.

Du Coudray bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin abúlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé ọ̀nà tí a gbà kọ́ òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà. Bí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣàlàyé bí egungun ìbàdí ti rí, ọ̀rọ̀ náà kì í wọ̀ wọ́n lára. Kò sì lè dúró de ìgbà tí obìnrin kan nínú abúlé yóò rọbí pẹ̀lú ìṣòro kí ó tó fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nítorí pé ìṣòro kì í dá ọjọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ara aláboyún tó wà nínú ewu kì í ṣe ibi tí ẹni tí kò mọ̀ ti ń kọ́ṣẹ́. Ó wá parí èrò sí i pé ohun tí ojú àwọn obìnrin wọ̀nyí lè rí, tí ọwọ́ wọn sì lè bà, ni òun yóò fi kọ́ wọn.

Ẹ̀rọ náà

Ohun tó ṣe, orúkọ tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan ni ó fún un: Ẹ̀rọ. Ní àárín àwọn ọdún 1750 ni ó ṣe é. Ìdajì ìsàlẹ̀ ara obìnrin ni, ó tóbi tó ti ènìyàn gidi, láti ikùn dé itan. Aṣọ àti awọ ni ó fi rán an, òwú sì ni ó kì bọ inú rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ní egungun ìbàdí ènìyàn gidi nínú, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ mọ ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀ àti ibi tí ó ti há. Ó fi okùn àti ọ̀já sí i lára, tí olùkọ́ lè fà tàbí kí ó dẹ̀, kí ojú ara lè máa ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ó ti máa ń ṣí nígbà ìrọbí.

Ọmọ wà pẹ̀lú rẹ̀, òun náà jẹ́ aṣọ tí a kì ní òwú, bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé ló sì ṣe tóbi. Imú rẹ̀ yọ, etí rẹ̀ jẹ́ rírán, a sì fi tàdáwà ya irun sí i lórí. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ahọ́n sì wà nínú rẹ̀, ó sì jìn tó kí ìka wọ̀ ọ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ lè máa rò pé kí ni ahọ́n ọmọlangidi wà fún. Idí ni pé nígbà náà, bí ọmọ bá ń fi ẹsẹ̀ jáde tí orí sì kù nínú, agbẹ̀bí a máa fi ìka sí ẹnu ọmọ kí ó lè tẹ orí náà ba, kí ó tó mú un jáde. Ó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ wá ẹnu náà rí níbi tí ojú kò ti ríran. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀ lónìí o. Orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ni à ń gbé ìka méjèèjì sí báyìí, kì í ṣe inú ẹnu rẹ̀, nítorí pé àgbọ̀n ọmọ lè farapa.)

Kò mọ sí ọmọ kan ṣoṣo. Ó ṣe ìbejì. Ó ṣe ọmọ oṣù méje. Ó ṣe ibi, ó sì ṣe okùn ìwọ́ oríṣi méjì, èyí tó kún àti èyí tó ti rọ, kí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tó wà láàyè àti èyí tó ti kú sínú. Ó tún ṣe orí ọmọ tó ti kú, tí egungun rẹ̀ ti fọ́ wọra wọn. Nígbà tó yá, ó fi kànìnkànìn sínú Ẹ̀rọ náà, tí omi funfun àti omi pupa máa ń tú jáde lára rẹ̀ ní àkókò tó yẹ, gẹ́gẹ́ bí omi tó yí ọmọ ká àti ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń tú jáde.

Ẹ jẹ́ kí a dúró síbí díẹ̀. Àwa Yorùbá ń pe ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wáyé ní Ìgè, a sì ń pe èyí tó gbé okùn ìwọ́ kọ́ ọrùn wá ní Òjó tàbí Àìná. Àwọn baba àti ìyá wa mọ̀ pé oríṣiríṣi ni ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wá, wọ́n sì fi orúkọ sàmì sí i. Ohun tí Du Coudray ṣe ni pé ó fi aṣọ rán ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Kò ṣe Ẹ̀rọ tó kàn lẹ́wà. Ó kọ́kọ́ wo ohun tó ń pa àwọn ìyá àti ọmọ ní Auvergne, ó kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni ó tó gbé abẹ́rẹ́ àti òwú. Ní ojú tèmi, ibí yìí ni ọgbọ́n obìnrin náà wà jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣètò ìdánrawò lónìí ti ń ṣìnà. Wọn a ra ọmọlangidi olówó ńlá tó lè sunkún, tó sì lè ṣẹ́jú, kí wọ́n tó béèrè pé irú ikú wo ló ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn ní ọdún tó kọjá.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣètò ìdánrawò ní ibi iṣẹ́ yín, ìwé àkọsílẹ̀ ìbímọ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ẹ wá ọ̀ràn mẹ́ta tó kẹ́yìn tí ìyá tàbí ọmọ ti kú, tàbí tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Bí ó bá jẹ́ ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ni, ọ̀rá omi kan ṣoṣo ti tó yín láti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rá omi tí à ń mu ní Nàìjíríà ń gba 50 sẹ̀ǹtílítà, ìyẹn 500 mílílítà, iye ẹ̀jẹ̀ yìí gan-an ni a sì ti ń kà sí ìsun ẹ̀jẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ẹ da omi ìṣápá pupa, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sóbò, tó kún ọ̀rá kan sórí aṣọ àti páàdì lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ iye tí ó rò pé ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ sórí ìwé. Ẹnu yóò yà yín. Ojú a máa dín ẹ̀jẹ̀ kù, pàápàá bí aṣọ bá ti fà á mu. Ìwádìí E-MOTIVE tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Gúúsù Áfíríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2023, fi hàn pé nígbà tí wọ́n fi ọ̀rá tó ní àmì ìdíwọ̀n gba ẹ̀jẹ̀ náà, tí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ibi iṣẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń fún ìyá ní gbogbo ìtọ́jú tó yẹ lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró, ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le gan-an àti ohun tó ń tẹ̀lé e dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ lèyí fún orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ikú abiyamọ ní àgbáyé tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2023, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ìwé àṣẹ ọba

Akadẹ́mì Iṣẹ́-Abẹ ní Paris yẹ Ẹ̀rọ náà wò, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1759, ohun méjì ṣẹlẹ̀. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Abrégé de l'art des accouchements, ìwé kékeré tó ṣàlàyé iṣẹ́ ìgbẹ̀bí ní ṣókí. Ní ọdún kan náà, Ọba Louis kẹẹ̀ẹ́dógún fún un ní ìwé àṣẹ pé kí ó máa kọ́ni ní gbogbo ilẹ̀ Faransé, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dí i lọ́wọ́. Kì í ṣe àánú nìkan ló mú ọba ṣe é. Faransé wà nínú Ogun Ọdún Méje nígbà náà, láti 1756 sí 1763, àwọn aláṣẹ sì gbàgbọ́ pé ènìyàn inú orílẹ̀-èdè àwọn ń dín kù. Ọba ń wá ọmọ ogun àti àgbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Du Coudray mọ èyí dáadáa, ó sì lò ó. Èdè tí aláṣẹ gbọ́ ni ó fi bá aláṣẹ sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe ni ó sì ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ bẹ̀bẹ̀ fún owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba rí mọ ohun tí mò ń wí.

Ní ọdún 1767, ọba tún fún un ní ìwé àṣẹ kejì, pẹ̀lú owó iṣẹ́ 8,000 livres lọ́dún.

Láti ọdún 1760 títí dé 1783, ojú ọ̀nà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbé. Ó kọ́ni ní ìlú tó lé ní 40, nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, lórí ọ̀nà tí kò dára, pẹ̀lú àwọn Ẹ̀rọ rẹ̀ nínú àpótí. Àwọn aṣojú ọba ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè é, àwọn àlùfáà ìjọ ní abúlé sì ni wọ́n máa ń ṣe ìkéde, tí wọ́n sì ń yan àwọn obìnrin tí yóò lọ. Ẹ̀kọ́ náà a máa gba nǹkan bí oṣù méjì, ní òwúrọ̀ àti ní ọ̀sán, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Nígbà mìíràn, kíláàsì kan a máa ní tó 100 obìnrin. Kì í jẹ́ kí wọ́n kàn jókòó wò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni yóò dúró níwájú Ẹ̀rọ, tí yóò gbẹ̀bí, tí yóò ṣe àṣìṣe, tí a ó tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe, tí yóò sì tún un ṣe. Ẹ̀rọ kì í kú, kì í sì í bínú. Àṣìṣe tí ìbá pa ìyá kan ní abúlé, inú kíláàsì ló parí sí.

Nǹkan bí 4,000 obìnrin ni a kà pé òun fúnra rẹ̀ kọ́, yàtọ̀ sí nǹkan bí 500 oníṣẹ́-abẹ àti dókítà, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ẹ ro ó wò: obìnrin tí àwọn oníṣẹ́-abẹ kọ̀ láti kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris ni ó wá di olùkọ́ oníṣẹ́-abẹ.

Kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn dókítà kan kọ̀wé ta ko ó, àwọn mìíràn ní oṣù méjì kéré jù láti sọ obìnrin abúlé di agbẹ̀bí. Ó yẹ kí a gbà pé òtítọ́ wà nínú ẹ̀sùn kejì yìí. Oṣù méjì kò tó. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò ní ètò mìíràn fún abúlé. Àyè tó ṣófo ni oṣù méjì náà wá dí.

Ní ti ìwé rẹ̀, nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní àwọn ọdún lẹ́yìn náà, ó fi àwòrán aláwọ̀ sí i, bí ọmọ ṣe ń dúró nínú ilé ọmọ àti ibi tí ọwọ́ agbẹ̀bí ń gbà, kí ẹni tí kò mọ̀wé kà lè rí nǹkan mú nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń dúró lẹ́yìn

Apá kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí àwọn tó ń yìn ín kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Bí ó bá parí ẹ̀kọ́ ní ìlú kan, kì í kó gbogbo Ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ó máa ń fẹ́ kí ìlú náà ra ọ̀kan, ní nǹkan bí 300 livres, kí wọ́n sì yan oníṣẹ́-abẹ kan tí òun ti kọ́, tí yóò máa fi Ẹ̀rọ náà kọ́ni nìṣó lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ kò bá a lọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni ohun tí a ti rí nílẹ̀ Áfíríkà ní ìgbà tiwa. Ní ọdún 2010, ètò kan bẹ̀rẹ̀ tí à ń pè ní Helping Babies Breathe, èyí tó ń fi ọmọlangidi tó rọrùn láti rà kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọn yóò ṣe ran ọmọ tuntun tí kò mí lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn Haydom ní Tàǹsáníà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti gba ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ kan. Nígbà tí wọ́n padà dán wọn wò lẹ́yìn oṣù 7, ọwọ́ wọn dára lórí ọmọlangidi, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ gidi nínú yàrá ìbímọ kò yí padà. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kò sọ pé ètò náà kò wúlò. Wọ́n gbé ọmọlangidi náà wá sí tòsí yàrá ìbímọ, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa dánra wò fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 lọ́sẹ̀, àti fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lóṣù. Ikú ọmọ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ wá dín kù láti 11.1 sí 7.2 nínú 1,000 ìbí.

Mo ti dé ilé ìwòsàn tí ọmọlangidi wọn ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi kó o wá, nínú àpótí tí a tì pa, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń ti ẹnu iṣẹ́ lọ ní aago mẹ́rin. Wọn kò fẹ́ kí ó bàjẹ́ ni. Ṣùgbọ́n òru ni àwọn ọmọ máa ń wá. Ẹ jẹ́ kí ọmọlangidi yín gbó. Ẹ gbé e sí ibi tí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago méjì òru ti lè nawọ́ mú un.

Bí ẹ bá sì ń dánra wò, ẹ ṣe é nínú wọ́ọ̀dù yín gan-an, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí ẹ ní gan-an. Ẹ pa iná mọ̀nàmọ́ná, bí ó ti máa ń lọ. Ẹ ní kí ẹnì kan lọ mú abẹ́rẹ́ oxytocin wá, kí ẹ sì fi aago ka ìṣẹ́jú tí yóò gbà á. Inú fíríìjì, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí ìdíwọ̀n Celsius, ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n níbo ni fíríìjì náà wà? Ta ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀? Ta ni yóò pe dókítà, nọ́ńbà fóònù wo sì ni yóò pè? Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó ṣe àṣìṣe nínú ìdánrawò, tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni àbùkù wà lára rẹ̀. Irú ìdánrawò bẹ́ẹ̀ ni ó ń tún iṣẹ́ ìlera ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jókòó, kí ẹ jíròrò ohun tó ṣẹlẹ̀, láìka ipò sí àti láìdójú ti ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fi àṣìṣe ẹni kan ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní padà wá dánra wò mọ́.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Kì í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó máa ń bá àwọn aṣojú ọba ṣe àríyànjiyàn lórí owó, lórí ilé tí yóò wọ̀, àti lórí ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí i, ó sì dá mi lójú pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin kan ṣoṣo kì bá tí rin ilẹ̀ Faransé já ní ìgbà náà. Ohun kan ṣoṣo tí ọkàn mi kò fara mọ́ nínú ìwà rẹ̀ ni ọwọ́ tó fi mú àwọn ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí ní abúlé. Aláìmọ̀kan àti apànìyàn ni ó kà wọ́n sí, kò sì rántí pé àwọn nìkan ló dúró ti àwọn aláboyún kí òun tó dé. Àwa tí à ń bá àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti kọ́ pé ẹni tí a bá tàbùkù rẹ̀ kì í tètè gbé aláboyún wá sí ilé ìwòsàn.

Kò bí ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà tí ó tọ́ dàgbà bí ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, Marguerite Guillaumanche, tó kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n sì jọ ń rìnrìn àjò. Marguerite fẹ́ oníṣẹ́-abẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Coutanceau, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, tọkọtaya náà sì fìdí kalẹ̀ sí ìlú Bordeaux, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí. Marguerite náà tẹ ìwé tirẹ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀dọ̀ wọn ní Bordeaux ni Du Coudray lọ gbé nígbà tí ara kò gba ìrìn àjò mọ́. Nígbà tí ìyípadà ìjọba dé ní ọdún 1789, orúkọ ọba tó ti jẹ́ asà fún un di ohun tó lè kó bá a, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì di ìṣòro. Ó kú ní Bordeaux ní oṣù kẹrin ọdún 1794, ní àkókò tí wọ́n ń bẹ́ ènìyàn lórí lójoojúmọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Inú ilé ni òun kú sí.

Nínú gbogbo Ẹ̀rọ tó rán, ọ̀kan ṣoṣo ni a mọ̀ tó kù. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Flaubert àti ti ìtàn ìṣègùn ní ìlú Rouen. Aṣọ rẹ̀ ti ṣá. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ X-ray yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n bá egungun ìbàdí obìnrin gidi nínú rẹ̀. Ọmọ wà pẹ̀lú rẹ̀, ìbejì wà, okùn ìwọ́ wà, a sì lẹ orúkọ mọ́ apá kọ̀ọ̀kan lára.